Ọmọńlé Tó Ní Òfin Lẹ́yìn

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, tí wọ́n bí sí Peckham, ní òun fẹ́ sin ọmọńlé. Kì í ṣe ajá, kì í ṣe ológbò. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti rẹ́rìn-ín ṣubú sórí àga.

Ẹni tí kò bá dé Ugbónla ní ilẹ̀ Ìlàjẹ rí lè má mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, ọmọńlé ló ń yan ilé, kò sí onílé tó ń yan ọmọńlé. Àwọn àgbà ní ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri pákó Ìlàjẹ kò pa ẹnu dé rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí màmá bá gbé àtùpà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á máa yọ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Awọ ikùn wọn fẹ́lẹ́ débi pé bí iná bá tàn sí abo tó lóyún, ẹ ó rí ẹyin méjì nínú ẹ̀, funfun báláú. Ẹ̀fọn á bà. Ọmọńlé á dúró, á mi ìrù díẹ̀, ẹ̀fọn ò sí mọ́. Ìgbẹ́ ẹ̀ nìkan, dúdú tó fi funfun ṣe fìlà, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ bó bá já sórí ẹní tuntun.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ bi mí bíi dókítà: ṣé mo ti sìn ín rí? Mo ní rárá, àwọn ló sìn mí dàgbà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún mi.

Òfin wà lóòótọ́. Òfin ìtọ́jú ẹranko tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 2006 ní kí ẹni tó bá sin ẹranko fún un ní ibùgbé tó bá a mu, oúnjẹ tó yẹ ẹ́, àyè láti hùwà bí irú ẹ̀ ṣe ń hùwà, ẹgbẹ́ bó bá fẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ìdáwà bó bá fẹ́ dá wà, àti ààbò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Wọn ò sì gbọdọ̀ ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ìyẹn ni pé èmi ni mo máa fọwọ́ síwèé. Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ fún màmá lórí WhatsApp, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé ìjọba yẹn mọ ọ̀nà Ayétòrò?" Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti tẹ Ayétòrò dó sétí òkun Ìlàjẹ, òkun ti gbé ilé, ó ti gbé títì, ó sì tún ń bọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó kàwé ibùgbé tó bá ni mu fún wọn.

Ká padà sórí ọjà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù, alámì bíi ti ẹkùn, ará ilẹ̀ gbígbẹ Pakistan àti Afghanistan ni; bẹ́ ẹ bá fi í sínú àpótí gíláàsì tó rin, àìsàn lẹ fún un. Ọmọ ìlú wa wà níbẹ̀ o! Onírù sísanra, tó ń tọ́jú ọ̀rá sínú ìrù, ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Senegal títí dé ẹ̀gbẹ́ Kamẹrúùnù. Ó ní ìpéǹpéjú, kò sì lè gun ògiri. Ọmọńlé tí kò lè gun ògiri! Mo wojú ẹ̀, ó wojú mi. Ìwé ìgbélùú tiẹ̀ ti pé ṣáájú tèmi. Ṣùgbọ́n ará ọ̀dàn ni, kì í ṣe ará omi bíi tiwa. Èyí tó ti New Caledonia wá, wọ́n rò pé ó ti run láyé kí wọ́n tó tún rí i lọ́dún 1994. Bí ìrù ẹ̀ bá já, kò ní hù mọ́. Mi ò lè fowó ra èyí tí kò lè hu ohun tí ọmọńlé Ugbónla ń hù lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí a mú ni kékeré erékùṣù òkun Pàsífíìkì, tí gígùn ẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Ó fẹ́ ooru bíi ìwọ̀n 24 sí 28 Celsius, ó fẹ́ ọ̀rinrin, ó fẹ́ràn ẹgbẹ́. Fún àpótí kékeré, mi ò rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ẹ wá wo ẹrù ilé ẹ̀. Wọ́n ta èèpo àgbọn fún mi, tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n tẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, kí n lọ rẹ ẹ́ sómi. Wọ́n ta igi tí omi gbá wá sí etídò, irú èyí tó ń mú wa kọsẹ̀ ní Araròmí. Wọ́n wá gbé ewé gbígbẹ kan jáde nínú ọ̀rá. Mo wò ó dáadáa: ewé igi fúrúùtù! Ewé tí tíṣà fi ń jẹ wá níyà, tí à ń gbá láàárọ̀ tí ìyókù á tún já lé wa lórí kí a tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ka iye ẹ̀ fún mi sínú ọ̀rá, mo sì sanwó. Ìrẹ̀ tún wà níbẹ̀, láàyè, kéékèèké, nínú ike. Ẹ óò kọ́kọ́ fún ìrẹ̀ ní kárọ́ọ̀tì jẹ, ẹ óò gbọn ẹ̀tù kálíṣíọ́ọ̀mù sí i lára, kí ọmọńlé tó jẹ ẹ́. Ìrẹ̀ tí a gbẹ́ nílẹ̀ ní Okìtìpupa, iná àti iyọ̀ nìkan ló rí.

Nígbà tí ètò wíwálé Kéresì bẹ̀rẹ̀, màmá ní kí n kó àwọn ọmọńlé náà bọ̀, ògiri ò wọ́n.

"Ẹ má bínú, màmá, kò ṣeé ṣe. Bí ẹyọ kan bá sá jáde, ó lè bí kún gbogbo Ìlàjẹ. Wọn kì í lo akọ."

"Wọn kì í lo kí ni?"

"Obìnrin ni gbogbo wọn, màmá. Wọ́n ń yé ẹyin bẹ́ẹ̀, ó sì ń pa."

Wọ́n sinmi díẹ̀. "Ta ló ń bọ́ wọn?"

"Èmi ni."

"Iná ńkọ́?" Màmá mọ ohun tí wọ́n ń bi, ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ìjọba fi pa Igbókòdá tì.

"Kì í lọ."

"Òjò kì í jò wọ́n?"

"Èmi ni mò ń fi ike rọ òjò fún wọn, bí wọ́n bá fẹ́."

"Ọmọ mi," màmá ní, "bá mi béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé wọ́n ń gba opó."