Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbóná Dè Mí

Tìmùtìmù ni mo kọ́kọ́ wò. Búlúù ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì rọ̀. Ọkọ̀ ìgbòkun ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 36 tí wọ́n kàn lọ́dún 1983 ni mo lọ wò létí odò Hamble, nítòsí Southampton, èrò ọkàn mi sì ni pé màá fi la ìyawọlẹ̀ omi Biscay kọjá lọ sí erékùṣù Canary. Ẹni tó fẹ́ forí lé agbami òkun ló jókòó sórí tìmùtìmù, tó ń jẹ bisikíìtì oníbisikíìtì.

Ìwé ló kó bá mi. Mo ti kà nípa ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet ọdún 1979, tí ìjì ká àwọn ọkọ̀ tó lé ní 300 mọ́ ojú òkun, tí 15 nínú àwọn tó ń díje sì bá a lọ. Nínú ìsọ̀rí àwọn tó kéré jù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló parí eré: Assent, irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Contessa 32 ni. Èmi wá gbà pé gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Contessa ni. Èyí tí mo lọ wò kì í ṣe Contessa. Kò tilẹ̀ jọ ọ́.

Bàbá tó ń tà á tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó dáhùn. Mo fọwọ́ bà á, ó ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

"Ẹ́ńjìnnì yìí mà ń yára gbóná o!"

Ìyàwó mi wò mí. "Bàbá Tólú, ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ló ti gbóná tó báyìí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ti gbó máa ń ṣàgídí tó bá tutù, àti pé ẹni tó mọ ọjà tà á ti tàn án sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Lábẹ́ síńkì, fáàfù kan wà tó ń dí ihò tí wọ́n lu sára ọkọ̀ nísàlẹ̀ ibi tí omi mù ún dé. Kí n lè jọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo yí i. Kò yí. Mo fún un lágbára sí i, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kán sí mi lọ́wọ́. Ojú ibi tó ti kán pọ́n rúsúrúsú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo jù ú sápò.

Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tó fárígá pé mi ò ní san kọ́bọ̀ àsanlẹ̀ àfi tí olùyẹ̀wò ọkọ̀ bá dé. Nígbà tó dé, ọkùnrin náà mú òòlù kékeré kan, ó ń kan òkè ọkọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kó, kó, kó. Ó dé ìdí òpó ìgbòkun: pù, pù. Igi fúyẹ́ kan tó ń jẹ́ balsa ni wọ́n tẹ́ sáàárín fáíbà òkè àti tìsàlẹ̀; omi ti gba ojú ihò bóòtù wọ ibẹ̀, igi náà sì ti rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n ti bọ tíì. Ó béèrè ọjọ́ orí àwọn wáyà irin tó di òpó mú. Wọ́n dàgbà ju Tólú ọmọ wa lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ adójútòfò kì í fẹ́ kí wọ́n ju ọdún 10 sí 15 lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ síńkì. "Ọwọ́ fáàfù yìí dà?"

Bàbá búra pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo fà á yọ lápò. Olùyẹ̀wò yẹ ojú ibi tó ti kán wò, ó ní omi iyọ̀ ti jẹ èròjà zinc inú idẹ náà tán, pé tí kò bá kán mọ́ mi lọ́wọ́ létí odò, Biscay ni ì bá ti kán. Bàbá yìí kò tún fi bisikíìtì lọ̀ mí mọ́.

Iye tí àtúnṣe máa gbà ju iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ lọ, mi ò rà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tiyín, ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á láti ilé pé kó má tan ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi dé. Tí ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ bà á kí ẹ tó kí i tán.