Ẹni Tí Orúnkún Lé Wọ Mọ́tò

Ẹ sún mọ́ bí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ní ẹni tó jókòó tó ń pàṣẹ fún ẹlòmíì, ọ̀lẹ ni. Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Cyrille Guimard fún yín, ará Faransé, ọmọ ẹ̀bá Nantes.

Ọkùnrin yẹn mọ kẹ̀kẹ́ ológeere í gùn! Ní Tour de France 1972, òun àti Eddy Merckx ará Bẹ́ljíọ̀m ló ń jà á. Ajẹ̀nìyàn ni wọ́n ń pe Merckx, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Lórí òkè Revard, Merckx ti na ọwọ́ sókè, ó ti ń yọ̀, àṣé Guimard ti fi bíńtín gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá ku ọjọ́ méjì kí wọ́n wọ Paris, Guimard wà ní ipò kejì, ẹ̀wù àwọ̀ ewé ti ẹni tó kó àmì jù wà lọ́rùn rẹ̀, orúnkún bá ní òun ò lọ mọ́. Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbé ẹ̀wù náà fún un ní Paris? Ajẹ̀nìyàn yẹn náà ni!

Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, orúnkún.

Ní 1976, ó ṣì gba ìdíje kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ ti gbogbo Faransé. Kó tó di oṣù keje, ó ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ Gitane-Campagnolo, ọmọ ọdún 29 péré. Iṣẹ́ ọ̀gá ni kó máa wa mọ́tò tẹ̀ lé wọn, kó pèsè omi, kó pinnu ẹni tí yóò sáré àti ẹni tí yóò sin ín. Kò sí rédíò létí eléré nígbà náà. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, wakọ̀ lọ bá a, kí o pariwo.

Lucien Van Impe, eléré ẹgbẹ́ náà, mọ òkè í gùn, àmọ́ ẹ̀wù tó-tó-tó ti àwọn agunkè ló fẹ́ràn ju ti ìyeyè tí ẹni tó ń síwájú ìdíje máa ń wọ̀ lọ. Lọ́nà Saint-Lary, Guimard ránṣẹ́ sí i pé kó já lọ, kò dáhùn. Wọ́n ní ọ̀gá wakọ̀ lọ bá a fúnra rẹ̀: bí o ò bá já báyìí, màá fi mọ́tò gbá ọ dànù! Ó já, ó gba Tour, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá dúró?

Bernard Hinault, ọmọ abẹ́ Guimard, gba ti 1978, 1979, 1981 àti 1982. Ẹ bi mí léèrè 1980. Orúnkún! Tòun ti ẹ̀wù ìyeyè ló yọ́ jáde ní Pau lóru. Ní 1983, orúnkún tún dé. Guimard ti Laurent Fignon, ọmọ ọdún 22, síwájú, ó sì gbà á. Hinault kẹ́rù, ó lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn. Ní 1984, Fignon fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nà án. Ó di Tour méje lábẹ́ ẹnu ẹni tí kò gba ẹyọ kan rí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó dùn jù. Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà, ọwọ́ Guimard kan náà ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1989, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré gba Tour lọ́wọ́ Fignon ní Paris, Guimard sì ni ọ̀gá Fignon! Ohun tí ẹnu ti kọ́ ẹsẹ̀, ẹnu ò lè lọ gbà á padà.