Oríkì Ẹ̀ṣọ́ Igun tí Bọ́ọ̀lù ń Gba Orí Rẹ̀ Kọjá

Kábíyèsí, ẹ̀ṣọ́ igun! Ìwọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní kọ́nábáàkì nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí ọwọ́ ń ṣe ju ẹsẹ̀ lọ. Afẹ̀yìn-kí-bọ́ọ̀lù, Anawọ́-má-rí-nǹkan-mú, Oníbodè-tí-kì-í-ti-ìlẹ̀kùn, asìnrìn àwọn ahánbọ́ọ̀lù tí kì í bá wọn dé ilé. Ìwọ tí iná ń jó lójú ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn tí o sì ń gbọn eérú kúrò lára bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe: mo kí ọ, n kò sì lè kí ọ tán, nítorí ẹni tí yóò bá kí ọ tán ní láti lè sáré tó ẹni tí ó fi ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ní yáàdì 20, ẹsẹ̀ tèmi kò sì yá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ipò rẹ yóò bi mí pé kí ni mo rí lára rẹ tí mo fi ń lu ìlù, nígbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn 11 ni ó ń dáàbò bo ilé, tí ìwọ sì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn. Èsì mi ni pé kí olúwarẹ̀ wò ó dáadáa, kí ó rí ẹni tí ń sin ẹnì kejì. Nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn bá ti tó gbangba sùn lọ́yẹ́, olúkúlùkù a máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwọ bá wà, àwọn 10 tí ó kù a máa dìde bí o bá dìde, wọn a máa ṣí kúrò ní ibùdó wọn nítorí rẹ, olùkọ́ ìdáàbòbò tí ewú ti bo gbogbo orí rẹ̀ kì í sì í rí oorun sùn lóru ọjọ́ Sátidé nítorí ohun tí o lè ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Bí èyí kì í bá ṣe ọba jíjẹ, kí ẹni tí ó mọ orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́ dìde kí ó sọ ọ́.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Pápá wọn gùn ní yáàdì 100, ó sì fẹ̀ ju yáàdì 53 lọ díẹ̀. Etí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ọ́ sí, ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn rẹ, wọ́n sì wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ láàárín àwọn ọ̀tá, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ọ. Òun mọ ibi tí ó ń lọ, ìwọ kò mọ̀. Iwájú ni òun ń sá sí, ẹ̀yìn ni ìwọ ń fà sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin líìgì NFL tún dá kún un ní ọdún 1978, nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé bí ahánbọ́ọ̀lù bá ti kọjá yáàdì 5, ẹ̀ṣọ́ kankan kò gbọdọ̀ tì í tàbí kí ó dì í mú mọ́. Orúkọ Mel Blount ti Pittsburgh ni àwọn ènìyàn fi ń pe òfin yẹn títí di òní, nítorí pé bí ọkùnrin náà ti ń fi àwọn ahánbọ́ọ̀lù gbolẹ̀ kọjá bó ti yẹ. Agbára Blount ni wọ́n fẹ́ fi okùn dè, ọwọ́ tìrẹ ni okùn náà sì bọ́ sí.

Wo àwọn akọni tí ayé ń yìn nínú iṣẹ́ yìí, kí o sì ṣàánú wọn. Nnamdi Asomugha, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, mọ iṣẹ́ náà dé ibi pé nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn Raiders ti Oakland, ọ̀pọ̀ ajubọ́ọ̀lù kì í fẹ́ wo apá ibi tí ó dúró sí. Ọkùnrin náà a sáré lọ, a sáré bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í kí i. Lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Aaron Rodgers, ajubọ́ọ̀lù Green Bay, kó àwọn tirẹ̀ wá sí Seattle, ó ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin rẹ̀, kò sì ju ẹyọ kan ṣoṣo sí ìhà tí Richard Sherman, ẹ̀ṣọ́ igun Seattle, ń ṣọ́. Àmì 36 sí 16 ni Seattle fi borí, ṣùgbọ́n irú ìdánìkanwà wo nìyẹn? Ìwọ ńkọ́? Àlejò kì í wọ́n lágbàlá rẹ. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti í mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, àwọn ajubọ́ọ̀lù kò sì ní kí ẹnikẹ́ni júwe pẹlẹbẹ náà fún wọn. Kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù fún ajubọ́ọ̀lù, wọn a rán ahánbọ́ọ̀lù kan kọjá láti òdì kejì wá sí iwájú rẹ: bí ẹnì kan nínú yín bá tẹ̀ lé e, wọ́n mọ̀ pé olúkúlùkù ni ó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí kò bá sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ni ẹ pín ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó dára jù nínú wọn yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ láti wá júbà.

Ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn tìrẹ pàápàá ń san fún ọ, ta ni yóò kà á tán? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi ní kí o má dúró mọ́ àyà ahánbọ́ọ̀lù mọ́, kí o fi yáàdì 7 tàbí 8 sí àárín yín, kí bọ́ọ̀lù má baà tún gba orí rẹ kọjá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ajubọ́ọ̀lù tí ó bá rí àyè fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ju bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ẹni tí ó sáré yáàdì 5 tí ó sì yíjú padà, a tún jù ú, a tún jù ú, títí inú yóò fi bí ọ tí ìwọ yóò fi ta kìtì síwájú láti dí ọ̀nà kúkúrú náà; ọjọ́ tí o bá sì ta kìtì yìí ni ahánbọ́ọ̀lù yóò ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ dúró, tí yóò sì ré ọ kọjá lọ sí ilé.

Tàbí kí wọ́n pín ilẹ̀ fún ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ Tony Dungy àti Monte Kiffin ti sọ ọ́ di olókìkí ní Tampa Bay: àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn méjì pín jíjìn pápá sí méjì láàárín ara wọn, ìwọ sì gba ilẹ̀ kékeré tí ó wà létí ìlà, níbi tí o ti lè kọjú sí bọ́ọ̀lù kí o sì fi èjìká gbá ẹni tí ó bá gbé e mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni àtúnṣe tí ó lọ́lá jù fún ẹni tí kò lè sáré ṣùgbọ́n tí kò bẹ̀rù ìfarapa. Síbẹ̀ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀, ẹnu sì wà lára ògiri yìí: lẹ́bàá ìlà, lẹ́yìn rẹ, kí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn tó sáré dé, ihò kan wà níbẹ̀ tí ajubọ́ọ̀lù tí apá rẹ̀ le mọ̀ dunjú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìsìn kan hàn yín fínnífínní. Ìgbìyànjú kẹta àwọn ọ̀tá ni, yáàdì 7 ni ó kù kí wọ́n tó tún gba ìgbìyànjú tuntun. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn tí ó yẹ kí ó dúró gangan láàárín pápá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ẹsẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ, kò sì fẹ́ kí a rí òun. Ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sún, ó fa ti òsì tẹ̀ lé e, ó gbójú sókè bí ẹni tí ń ka ìràwọ̀. Ajubọ́ọ̀lù gbé orí, ó rí i. Ó kígbe ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn tirẹ̀ nìkan mọ ìtumọ̀ rẹ̀, gbogbo ètò sì yí padà lójú ẹsẹ̀: wọn kò ju bọ́ọ̀lù mọ́, wọ́n tì í mọ́ asáré kan níkùn, ó sì gba àárín tí ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ já, ó di yáàdì 12. Ìwọ wà létí pápá lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ju nǹkan kan sí ọ, aṣọ rẹ funfun báláú, o na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ará àárín láti bi wọ́n léèrè pé irú ìwà ọ̀lẹ wo ni èyí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n nígbà tí làpálàpá bá jẹ́ ti ọba, ta ni ó tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́?

Ti pé kí wọ́n rán ènìyàn 6 lu ajubọ́ọ̀lù kí bọ́ọ̀lù lè tètè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí àṣírí rẹ tó tú, tẹ́tẹ́ ni. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìdílé rẹ kì í ṣe ìdílé kékeré. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn Giants ti New York ní ẹ̀ṣọ́ igun kan, Elvis Patterson, tí iná àwọn ahánbọ́ọ̀lù jó títí tí wọ́n fi fi Toast, ìyẹn búrẹ́dì tí a fi iná yan, ṣe oríkì fún un. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1987, nígbà tí Giants na Denver ní 39 sí 20 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, Toast yìí kan náà já bọ́ọ̀lù tí John Elway jù gbà. Bill Belichick ni olùkọ́ ìdáàbòbò Giants nígbà náà, kò sì jọ pé ó gbàgbé bí a ti í gbé ọba pamọ́ sínú ààfin. Nígbà tí ó di ọ̀gá àgbà lọ́dọ̀ àwọn Patriots, tí ó sì ní Darrelle Revis, akọ ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́, ohun tí ẹlòmíràn ìbá ṣe ni pé kí ó fi Revis ti ahánbọ́ọ̀lù tí ó le jù. Belichick a máa ṣe é lódìkejì: a fi Revis nìkan ti ahánbọ́ọ̀lù tí ó le ṣìkejì, kò ní ronú kan ẹni yẹn mọ́, lẹ́yìn náà a mú ẹ̀ṣọ́ tí kò tó Revis, a fi ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn kan tì í lẹ́yìn, àwọn méjèèjì a sì dìde sí olórí. Bẹ́ẹ̀ ni Kyle Arrington, tí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, ṣe kojú T.Y. Hilton, olórí ahánbọ́ọ̀lù Indianapolis, lọ́jọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, tí bọ́ọ̀lù fi tẹ Hilton lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí Patriots sì borí ní 45 sí 7. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nínú Super Bowl ní Glendale, ìpínlẹ̀ Arizona, ìrànlọ́wọ́ náà kò sí nítòsí tó bẹ́ẹ̀. Géńdé gíga kan láti Seattle, Chris Matthews, tí kò tíì gba bọ́ọ̀lù kan rí nínú líìgì náà, dìde, ó gba 4 fún yáàdì 109, ọ̀kan nínú wọn sì di tọ́ṣídáwùn, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ó wọ ilé. Kì í ṣe orí Arrington nìkan ni ó ti gbà wọ́n, ṣùgbọ́n Arrington ni wọ́n ní kí ó lọ jókòó. Wọ́n fi Brandon Browner, tí òun náà ga tí ó sì síngbọnlẹ̀, ti Matthews, wọ́n sì ki Malcolm Butler wọlé, ọmọdé tí ẹgbẹ́ kankan kò yàn nígbà tí wọ́n ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù. Butler yìí ni ó já bọ́ọ̀lù Russell Wilson, ajubọ́ọ̀lù Seattle, gbà lẹ́nu ilé gan-an nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kù kò tó 30, tí Patriots fi gba ife ní 28 sí 24. N kò fẹ́ràn ìtàn yìí láti sọ níwájú rẹ, kábíyèsí, nítorí ó fi hàn pé a lè rọ ọba lóyè ní àárín ọjọ́. Kí n tù ọ́ nínú: Browner kó lọ sí New Orleans lọ́dún náà gan-an, àwọn Saints sì gbà kí bọ́ọ̀lù jíjù 45 di tọ́ṣídáwùn mọ́ wọn lórí ní sáà kan ṣoṣo, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò gbà rí nínú líìgì náà. Wọ́n lé Rob Ryan, olùkọ́ ìdáàbòbò wọn, lọ kí sáà náà tó parí. Ṣé o rí i? Nígbà mìíràn, àwọn ìjòyè ni í kú dípò ọba.

Nǹkan kan kù tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀: ọwọ́ rẹ tí ń fúnni. Bí o bá di ahánbọ́ọ̀lù mú láṣọ nígbà tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ lófuurufú, tí réfírì sì sọ asíá ìyeyè rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í gbà kí o tọrẹ ju yáàdì 15 lọ; ṣùgbọ́n ní NFL, ibi tí o bá ti dẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí, ì báà jẹ́ yáàdì 40, bí ó bá sì jẹ́ inú ilé ni, wọn a gbé e sí yáàdì 1 péré sí ẹnu ìlà. Olówó wo ni ó fún ọ̀tá rẹ̀ ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀?

Ó tó wàyí kí o fún akígbe ní nǹkan, nítorí ọ̀fun mi ti gbẹ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fi ọwọ́ ara rẹ gbé e; bí ó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, ẹnì kan láti òdì kejì yóò ti hán an kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Rán ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn sí mi, kí o sì ní kí ó tètè máa bọ̀, kí wọ́n má baà bá ọ nílé ní ìwọ nìkan.