Àpò Ṣòkòtò Ta Ni?

Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe gidi ni fún ará Ìbàdàn, fún ará Abẹ́òkúta, fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ wá ohun tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni ro ti ará Sókótó mọ́ ọn. Ẹni tó ti wà ní Sókótó látàárọ̀, tó ń wá omi ẹ̀rọ, tó ń wá gọ́tà tí àgbàrá lè gbà kọjá, tó ń wá ibi tí yóò da ilẹ̀ sí, níbo ni kó forí lé? Bó bá ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò tirẹ̀, owó tí yóò fi ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà ni yóò bá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé inú àpò ṣòkòtò kan ni ohun tó ń wá wà. Àwọn àgbà kàn gbàgbé láti bèèrè pé ṣòkòtò ta ni.

Muhammadu Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ló tẹ Sókótó dó ní 1809. Ìlú kan ni nígbà náà. Lónìí, kò sí káńsù kan tó lè sọ pé òun lòun ni gbogbo rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Sókótó àti Gúúsù Sókótó ló pín ìgboro mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìlú sì ti fẹ̀ kọjá àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń gbé Mabera, ọmọ abẹ́ Gúúsù ni. Ẹni tó ń gbé Arkilla, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ará ìgboro bíi ti gbogbo èèyàn, abẹ́ Wamakko ló wà. Òjò kò mọ ààlà kankan nígbà tó bá ń rọ̀. Gọ́tà ló mọ̀ ọ́n.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fi iṣẹ́ káńsù ṣe àdììtú. Ó tò ó sí Àfikún Kẹrin, níparí ìwé níbi tí ojú àwọn aṣòfin kì í sábàá dé: itẹ́ òkú, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, kíkó ilẹ̀, sísọ òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Owó ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Káńsù náà ló ń fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ọmọlanke yẹn. Ní Sókótó, mẹ́rúwà kì í ṣe ohun àtijọ́. Wọ́n á to kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 sórí ọmọlanke ní ìlà méjì, wọ́n á fi aṣọ tàbí ọ̀rá dí ẹnu rẹ̀ kó má baà dà, wọ́n á wá fi àyà ti irin ẹ̀yìn ọmọlanke títí táyà yóò fi gbà láti yí nínú iyanrìn. Onílé tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ yóò yọjú, ọ̀rọ̀ owó yóò bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọgbọ́n ìwé òfin ti pọ̀ débi ẹ̀rín. Omi ẹ̀rọ ìlú, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ọmọlanke tó ń gbé omi nígbà tí ẹ̀rọ kò bá ṣẹ̀, iṣẹ́ káńsù ni. Káńsù lè gba owó lórí táyà méjèèjì. Bí kò bá sí omi tí táyà yóò gbé, ìyẹn kò kan káńsù. Bí omi bá sì dé gbogbo ilé lọ́la, káńsù ni yóò pàdánù owó tó ń wọlé fún un.

Ọjà ńkọ́? Òfin ní ti káńsù ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2021, iná sọ ní ọjà ńlá tó wà láàárín ìgboro Sókótó, ọjà ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì di eérú. Aminu Tambuwal, gómìnà ìgbà náà, lọ wo ibẹ̀. Nyesom Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, wá bá a kẹ́dùn, ó sì fi ₦500 mílíọ̀nù ta ìpínlẹ̀ náà lọ́rẹ. Oore ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè bù ú kù. Ṣùgbọ́n gómìnà ló bá gómìnà sọ̀rọ̀ lórí ọjà tí òfin fi sábẹ́ alága káńsù. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́. Owó ni kò sí lọ́wọ́ àgbà.

Lórí ìwé, ètò ìṣúná káńsù dùn-ún gbọ́. Kí ọdún tó parí, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò kọ ohun tó fẹ́ ṣe: ìlera, iṣẹ́ òde, iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́. Akápò yóò ro ó pọ̀. Alága yóò gbé e síwájú àwọn káńsílọ̀, wọn yóò jókòó lé e lórí, wọn yóò yọ díẹ̀, wọn yóò fi díẹ̀ kún un, yóò sì di òfin. Apá kan ìwé náà ni owó tí wọn yóò ná, apá kejì ni owó tí yóò wọlé. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ń kọ apá kìíní. Àdúrà ni wọ́n fi ń kọ apá kejì.

Ìdí ni pé owó orí ọmọlanke àti ti ìsọ̀ ọjà kò lè gbọ́ bùkátà káńsù. Abuja ni ojú gbogbo wọn ń wò. Lóṣooṣù, wọ́n á pín owó àpapọ̀ níbẹ̀: ìjọba àpapọ̀ á mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 á mú 20.60. Ìpín náà kò burú. Ṣùgbọ́n abala 162 nínú ìwé òfin ní kí wọ́n kó ìpín káńsù fún ìpínlẹ̀, fún àǹfààní àwọn káńsù, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àpò àjọní kan tí owó náà yóò máa wọ̀. Ṣòkòtò tí à ń bèèrè rẹ̀ rèé.

Àwọn tó jókòó ti àpò náà yóò kọ́kọ́ yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Wọ́n á yọ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n á yọ ti àwọn ọba àti ìjòyè. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí kò tọ́ láti san. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi máa yọ ọ́ tán, alága tó kọ gọ́tà mẹ́ta àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà sínú ìwé yóò rí i pé ohun tó kù lè kun ọ́fíìsì ní ọ̀dà, bí ọ̀dà ò bá wọ́n jù.

Àwọn àgbà kan náà tó pòwe Sókótó ló ní àjọjẹ kò dùn bẹ́nìkan ò bá ní. Irọ́ ni. Àjọjẹ dùn. Pé ó dùn mọ́ ẹni tó gbé àwo sọ́dọ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnu kì í gbà sọ ni pé ó dùn mọ́ ẹni tí kò ní náà. Alága tí owó rẹ̀ wà lápò ẹlòmíì kò ní ìṣirò kankan tí yóò ṣe. Bí wọ́n bá bi í pé gọ́tà dà, yóò kọjú sọ́nà ilé ìjọba, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní owó ò tíì wọlé. Olùbéèrè pàápàá yóò bá a kẹ́dùn. Alága tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kò lè rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà.

Kí wá ni alága ń ṣe láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì? Ẹni tó bá ti dé sẹkitéríàtì káńsù rí, níbi yòówù kó jẹ́ nílẹ̀ yìí, mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì dúró fún ìwé pé ọmọ onílùú ni. Bàbá kan mú ìwé ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ẹnì kan ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ, ẹlòmíì fẹ́ ajílẹ̀. Tí Ramadan bá sún mọ́lé, ìrẹsì gba iwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Alága á fọwọ́ sí ti eléyìí, á sọ fún tọ̀hún pé kó padà wá. Ìgboro á pè é ní olóore. Oore ojúkojú rọrùn ju gọ́tà lọ, kò sì sí ìwé ìṣúná tó ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Bẹ́ẹ̀ ni Sókótó kì í ṣe ìlú tí wọn kò ti mọ ọ̀rọ̀ owó ìlú. Shehu fúnra rẹ̀, nínú ìwé Kitab al-Farq, ka àwọn owó tí àwọn ọba Hausa ń gbà lọ́wọ́ aráàlú láìbá òfin mu, jangali orí màlúù wà lára wọn. Àwọn ọmọ ogun Lugard, òyìnbó amúnisìn, gba Sókótó ní oṣù Kẹta ọdún 1903, nígbà tó sì yá, òyìnbó ló wá ń fi àwọn ẹmírétì gba jangali yẹn kan náà. Wọ́n dá àpò ìlú sílẹ̀, wọ́n pè é ní Baitulmali kó lè dùn létí àwọn Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó ń mú ìpín tirẹ̀ nínú owó orí, ìṣirò ọdọọdún sì gbọ́dọ̀ kọjá lójú Rẹ́sídẹ́ǹtì, aṣojú ìjọba náà, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹlòmíì ti ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìṣúná Sókótó.

Síbẹ̀, wọ́n ń ka màlúù nígbà yẹn. Ní 1943, wọ́n fẹ̀sùn kan Ahmadu Bello, Sàrdáúnà, pé owó jangali kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Gusau. Ilé ẹjọ́ Sultan Sókótó dá a lẹ́bi, ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì padà di Olórí Ìjọba Àríwá ní 1954. Ohun yòówù kí ìṣèlú tó wà nídìí ẹjọ́ náà jẹ́, ẹnì kan mọ iye màlúù, ẹnì kan sì mọ iye tó yẹ kó wọlé. Káńsù mélòó lónìí ló lè sọ iye ọmọlanke tó wà ládùúgbò rẹ̀?

Ọmọ Sókótó mìíràn sún mọ́ òkodoro ọ̀rọ̀ náà. Ní 1984, ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ìṣàkóso ìjọba ìbílẹ̀, Ibrahim Dasuki, tó di Sultan ní 1988, ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ìṣòro káńsù kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú bí wọ́n ṣe tò ó. Ìwà àti ìṣe àwọn tó ń darí rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ìjọba Babangida san owó káńsù fún wọn tààrà. Ìwé òfin 1999 dé, ó dá àpò àjọní padà, gbogbo ènìyàn sì jókòó padà sídìí àwo.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Lateef Fagbemi, Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́, pe ìpínlẹ̀ 36. Adájọ́ méje ló jókòó, Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́: kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí gómìnà má sì yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ sípò àwọn tí aráàlú dìbò yàn mọ́. Inú àwọn ènìyàn dùn. Àfi bí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ti Sókótó wáyé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ipò alága 23 ló wà nílẹ̀. APC, ẹgbẹ́ gómìnà Ahmed Aliyu, gba mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Bí owó bá tilẹ̀ máa fi àpò sílẹ̀, kó kúkú bọ́ sápò ọmọ ilé.

Ará Ìbàdàn tó ń ka èyí, tó ń fi Sókótó rẹ́rìn-ín, kó rọra. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP gba ipò alága 33 nínú 33 ní Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, APC gba gbogbo ipò alága 57 ní Èkó. Ní Ọ̀ṣun, owó káńsù 30 há lókè ní 2025, nítorí ẹgbẹ́ méjì ń jà lórí ẹni tó ni àga. Ohun tí a gbé òwe wá dé Sókótó láti wá, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín nínú ṣòkòtò tiwa.

Èkó tún ní ìtàn tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ di owó káńsù Èkó mú nítorí káńsù ìdàgbàsókè 37 tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀. Gómìnà Èkó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú. Bola Tinubu ni gómìnà náà. Nígbà tí ogún ọdún fi máa pé, òun ni Ààrẹ, ìjọba rẹ̀ ló sì pe àwọn gómìnà lẹ́jọ́ lórí owó káńsù.

Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀, ó ku kí owó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Akọ̀wé Ìjọba, George Akume, ń darí, láti wo bí wọn yóò ṣe mú ìdájọ́ ṣẹ. Ìròyìn tún gbòde lẹ́yìn náà pé Báńkì Àpapọ̀ ní kí káńsù kọ́kọ́ mú ìwé ìṣirò owó ọdún méjì wá, èyí tí ayẹ̀wéwò ti yẹ̀ wò, kí owó tó lè máa wọlé fún un tààrà. Káńsù tí wọn kò jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àpò mú láti 1999 ni kó wá fi bó ṣe ń di àpò mú hàn. Ẹni tí òfin sì fún láṣẹ láti yẹ ìwé káńsù wò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Ayẹ̀wéwò Àgbà fún Ìjọba Ìbílẹ̀. Gómìnà ló ń yàn án.