Orin Tí Mo Sanwó Fún Dà?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá lọ ra ìlù lọ́jà, tí wọ́n yọ awọ rẹ̀ kí wọ́n tó dì í fún un, kí ló kù tó fẹ́ lù? Ohun tí wọ́n fi fídíò Northern Exposure ṣe fún mi nìyẹn, mi ò sì ní panu mọ́ mọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá wa wò ó: eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni, Joshua Brand àti John Falsey ló dá a sílẹ̀. Oṣù Keje 1990 ló bẹ̀rẹ̀ lórí CBS, ó parí ní oṣù Keje 1995, gbogbo rẹ̀ jẹ́ apá 110. Ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Cicely, ní Alaska, ni ìtàn náà dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Roslyn ní ìpínlẹ̀ Washington, ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ti yà á. Ìjọba Alaska ló san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ Júù kan láti New York, Joel Fleischman, títí tó fi di dókítà. Wọ́n ní kó wá fi ọdún mẹ́rin sìn wọ́n. Anchorage ló rò pé wọn yóò fi òun sí. Ó débẹ̀ tán, wọ́n taari rẹ̀ sí Cicely, níbi tí moose, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ, ti ń rìn kiri ìgboro tí ẹnikẹ́ni kò bi í pé níbo ló ń lọ.

Láti ọjọ́ tó ti dé ni dókítà yìí ti ń ráhùn. Èmi tí mo ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi láìsí ìjọba kankan tó dá sí i, orí àga ni mo ti máa ń bá a jà: "Ìwọ ọmọ yìí, jókòó jẹ́ẹ́!" Síbẹ̀ mi ò lè ṣe kí n má wò ó. Channel 4 ló ń gbé e sí afẹ́fẹ́ fún wa ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, lálẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ kílínìn dé.

Àwọn ará ìlú yẹn ló mú mi mọ́ra. Maggie O'Connell, awakọ̀ òfurufú, tí ọkùnrin tó bá ti fẹ́ ẹ kì í pẹ́ kú. Sátẹ́láìtì tó já láti òkè ló pa ọ̀kan nínú wọn. Nílé wa, wọn ì bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú babaláwo kó tó kan ẹnì kejì. Marilyn, tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́, lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ogún ìbéèrè dúró. Holling tó ni ilé ọtí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń fẹ́ Shelly ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyàwó mi kò sì tíì dárí jì í títí dòní.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Chris Stevens ni ọ̀gá wọn, ẹni tó ń ṣe ètò òwúrọ̀ lórí rédíò KBHR. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, òun náà ló wá ń kàwé fún gbogbo ìlú, tó ń sọ̀rọ̀ ikú, tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí yóò sì gbé àwo orin lé e. Orin yẹn ló so ìlú pọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé rédíò, yóò wọ ilé ọtí Holling, yóò bá dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ níbi tó ti ń bínú.

Nígbà tí DVD rẹ̀ jáde ní 2004, tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní síìpù fún sáà kìn-ín-ní, mo ní kí àbúrò mi tó wà ní Houston rà á ránṣẹ́. Ó dé. Mo kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tu ú jáde. Àṣé àwọn tó ń ta DVD ti pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn láìsọ fún wa: Amẹ́ríkà 1, Bìrìtìkó àti Yúróòpù 2, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà 5, pé àwo tibí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n pín wa ní Berlin ní 1885 kò tó wọn! Mo tún lọ ra ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí kì í bèèrè páńsípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwo.

Mo rò pé ìyà ti tán. Mo ra àwọn páálí tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, mo jókòó. Chris sọ̀rọ̀ tán, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo sílẹ̀, ó ń mi orí. Orí rẹ̀ ń lọ sí ọ̀tún, orin ń lọ sí òsì! Ohun tó ń jáde ni irú orin aláìlórúkọ tí wọ́n ń tàn nínú lífùtù òtẹ́ẹ̀lì. Fèrè kan ń sunkún láìnídìí, dùùrù kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwọn tó ń jó ní ilé ọtí ń gbé ẹsẹ̀ sí ìlù tí àwa kò gbọ́. Eré tó gba àmì-ẹ̀yẹ tẹlifíṣọ̀n Emmy fún eré tó dára jù lọ ní 1992 nìyẹn o.

Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnnì. "Bàbá Káyọ̀dé, ṣé orin yìí náà lẹ ti ń ròyìn fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ìyá Káyọ̀dé, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni!"

"Àbí etí yín ló ti ń lọ?"

Mo yí páálí síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìkìlọ̀ kan tí ojú lásán lè kà.

Mo wádìí. Nígbà tí wọ́n ń ya eré náà, àṣẹ pé kí orin dún lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbà. Ta ló ronú ọjọ́ tí èèyàn yóò ra odindi sáà gbé sílé? Orin kan sì ní olúwa méjì, ẹni tó ni orin tí wọ́n kọ, àti ẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sáwo. Àwọn méjèèjì ló ń nawọ́. Páálí tó kọ́kọ́ jáde gbówó lórí. Nígbà tó yá wọ́n bu owó kù, wọ́n sì bu orin kù. Kí olórin jẹun, èmi fara mọ́ ọn. Ẹni tí mò ń bá jà ni ẹni tó rò pé mi ò ní mọ̀.

Eré náà fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún wọn. Ní apá kejì pàápàá, Maurice Minnifield, tó ti lọ sójú òfurufú rí, tó sì ni ilé rédíò, lé Chris dànù, ó jókòó sídìí máíkì, ó ń fi orin eré orí ìtàgé tí òun fẹ́ràn dí ará ìlú létí. Cicely kọ̀ jálẹ̀. Kí apá yẹn tó parí, Chris ti padà sáyè rẹ̀. Wọ́n gba orin wọn. Èmi rèé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́.

Ìyá Káyọ̀dé ní kí n máa dúpẹ́ pé mo tilẹ̀ rí nǹkan rà, kí n wá fi ibi tí wọ́n ti ń ta páálí Village Headmaster, eré tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà àtijọ́, han òun, pẹ̀lú Kábíyèsí Ọjà, Olóyè Ẹlẹ́yinmi àti Amebo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo dákẹ́ díẹ̀. Ní ti sáà kẹfà Northern Exposure, tí Rob Morrow tó ń ṣe Joel fi eré sílẹ̀ láàárín, tí wọ́n mú dókítà mìíràn wá, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni. Orin nìkan ni mo bá wá.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba eré yìí sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò nígbà tí Channel 4 ń gbé e, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ tà á fún mi. Bí ìpolówó ọṣẹ bá gé e sí méjì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ìkómọ ẹnìkan lé ìdajì rẹ̀, ìdajì tó kù tó mi. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mi ṣì ń ṣiṣẹ́, owó sì wà nílẹ̀.