Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ Rẹ́kọ́ọ̀dù Dé Ìlọrin

Ọmọ Ìlọrin tó bá ti pẹ́ ní Houston, tí orin àtijọ́ sì ti gbà á lọ́kàn, ẹ wo gáréèjì rẹ̀. Ọkọ̀ ń sùn síta nínú òjò. Haruna Ishola, Ebenezer Obey àti Odòlayé Àrẹ̀mú, ọ̀gá onídadakúàdà, ló ń sùn nínú ilé.

Òótọ́ ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù ń fẹ́ ìtọ́jú. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára rẹ̀ tín-ín-rín gan-an ni, eruku tó bá há síbẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa lọ̀ ọ́ mọ́ orin. Ilé iṣẹ́ VPI ní New Jersey ń ta ẹ̀rọ tó ń fọ rẹ́kọ́ọ̀dù, tó tún ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Keith Monks ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kódà BBC lò ó. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni wọ́n ń tà á. Ará òkèèrè gbọ́ iye rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí náírà (àìsàn tí kò gbóògùn lára wọn nìyẹn), ó ní òun á ṣe tòun.

Ó wọ Goodwill lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ó ra chénjà kan tí apá rẹ̀ ti kán. Kò wá apá, mọ́tò àti pẹpẹ tó ń yí ló wá. Ó fi rọ́bà dí ibi tí omi lè gbà wọlé, ó fi ìdérí ike bo àárín rẹ́kọ́ọ̀dù kí omi má baà fọ orúkọ olórin dànù. Ó la páìpù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lẹ àrán mọ́ ẹnu ibi tó là kó má baà ha rẹ́kọ́ọ̀dù, ó wá so ó mọ́ fáàkúùmù tí ìyàwó fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì. Àrán tí olóyè fi ń dáṣọ nílé! Omi distilled, spirit díẹ̀, ẹ̀kán ọṣẹ kan tàbí méjì, ó parí. Àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù 78 ti ayé Túndé King, olórin àtijọ́ nì, kò gbọdọ̀ fojú kan spirit o: shellac ni wọ́n fi ṣe é, yóò yọ́ ni. Nígbà tó fi máa ra gbogbo irin iṣẹ́ tán, owó VPI kò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yìí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ilé á bu omi sí báàfù, á da Omo sí i, á fi kànrìnkàn ha rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá àgbà, á wá sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀lùbọ́. Oòrùn oṣù kẹta kò mọ olórin. Fáínììlì ni ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù, ooru ń rọ̀ ọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Orin ṣì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni yóò kàn máa gun òkè, tí yóò máa sọ̀. Èyí tí wọn kò sì fọ̀, ọyẹ́ á gbé eruku Sàhárà wá bò ó.

Ìdí nìyẹn tí ará Houston fi di ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, tiwa jẹ́ 240. Ó mọ ìyẹn, ó ra step-down. Ohun tí step-down kò lè tún ṣe ni pé iná ọ̀hún ń mì nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì nígbà 50, mọ́tò chénjà àtijọ́ sì ń tẹ̀ lé ìmì yẹn ni. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó yẹ kó yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan á máa yí bíi ẹ̀ẹ̀méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá fi Odòlayé sí irú rẹ̀, ohùn bàbá á di ti ẹni tó jẹ àmàlà tán tí oorun ń gbé lọ. Ó dùn mọ́ ọn pé fífọ̀ kò nílò eré.

Fáàkúùmù ló wá di wàhálà. Ó ń fẹ́ iná tó ju ẹgbẹ̀rún wáàtì lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. NẸ́PÀ náà kò sì dé.

Wọ́n ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rẹ́díò ṣe. Ohun tí ará Houston ń fi ṣe fàájì, òun ni bàbá yìí fi rán ọmọ nílé ìwé. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò sọ́tùn-ún sósì.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí o fi iná NẸ́PÀ ṣe é? Mọ́tò wáípà ọkọ̀ ni kí o wá. Kì í sáré, ó sì lágbára. Bátìrì ọkọ̀ á gbé e. Omi distilled rẹ yẹn náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń cháàjì bátìrì ni wọ́n ti ń rà á."

"Fáàkúùmù ńkọ́ sà?"

"Èyí tí wọ́n fi ń gbá inú ọkọ̀ kò sí ní Amẹ́ríkà ni?"

Ó ra mọ́tò wáípà méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún Houston. Ara Camry tòkunbọ̀ kan ni wọ́n ti tú ti Houston, tí sítíkà alágbàtà ọkọ̀ ní Texas ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.