Bí Mo Ṣe Bọ̀wọ̀ fún Òyìnbó Títí Inú Fi Bí I

Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ni mo mọ̀ kí n tó wọ iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ti lẹ́tà, tí tíṣà fi pàṣán kọ́ wa: "Dear Sir" lókè, "Yours faithfully" nísàlẹ̀. Èkejì ni ti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, níbi tí ẹnì kan á ti dìde, á ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, á ní "Mr. Chairman sir, I move", tí ẹlòmíràn á sì ní òun kín in lẹ́yìn, kódà bí kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àṣé Gẹ̀ẹ́sì kẹta wà.

Iléeṣẹ́ kan tó ń kó kòkó lọ sókè òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Àpápá. Ọ̀gá wa gbọ́ mi níbi tí mo ti ń bá aṣọ́bodè kan jiyàn lórí fóònù, ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dán, pé láti ọjọ́ náà lọ èmi ni n ó máa jókòó ti òun bí òun bá ń bá àwọn oníbàárà ṣèpàdé lórí Zoom, n ó sì máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ẹni tó ń fi owó ràn án lọ́wọ́ wà ní New York. Ọjà kòkó àgbáyé gan-an, ìlú méjì yẹn ni wọ́n ti ń dá iye lé e: pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń dá a ní Lọ́ńdọ̀nù, dọ́là ni ní New York. Owó wọn yàtọ̀, mo mọ ìyẹn. Èdè wọn ni mo rò pé ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Kòkó Ìdánrè ló kọ́kọ́ kó mi sí ìjọ̀gbọ̀n. A ti fi àpẹẹrẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń ta kòkó mọ̀ pé bí omi inú rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 8 nínú 100, kò ní pẹ́ bu, tiwa sì ń yọjú sí ibẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà wo èsì àyẹ̀wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "It's quite good." Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé inú oníbàárà dùn gidigidi. Mo pe aṣojú wa ní Ìdánrè, mo ní kó máa kó o bọ̀, irú rẹ̀ gan-an ni òyìnbó ń fẹ́. Ó kó o. Ọkọ̀ akẹ́rù ń tò. Ìgbà tí lẹ́tà dé pé àwọn máa yọ nínú owó torí kòkó náà kò gbẹ tó, mo lọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, "quite good" jẹ́ ìyìn gidi. Lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọkọ ń sọ ni nígbà tí ọbẹ̀ kò dùn tí kò sì fẹ́ kí ìyàwó bínú.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Àbọ̀ náà ni baba yìí ń sọ fún mi. Inú mi ló ń dé tán tó ń di odindi nǹkan mìíràn. Ó ní "Very interesting", mo rò pé ó wù ú. Ó ní "I'll bear it in mind", mo ṣì ń retí èsì títí di òní. Ó ní àbá wa kan "brave", mo gba ìyìn náà tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi náà a sì máa kí i ní "Well done, sir" bí ìpàdé bá ti ń bẹ̀rẹ̀, torí a kì í bá ẹni lẹ́nu iṣẹ́ kí á má kí i kú iṣẹ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó bi ará Amẹ́ríkà bóyá mo ń máàkì iṣẹ́ òun ni.

Eré ni gbogbo ìyẹn. Ọjọ́ tí a jókòó láti sọ iye owó ni mo bà á jẹ́ dé gbòǹgbò.

Nílé tí mo ti wá, ọmọdé kì í ko àgbà lójú bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí yóò bá tako ọ̀rọ̀ àgbà, á kọ́kọ́ tún ọ̀nà ṣe: "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin bàbá. Tótó ṣe bí òwe o." Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó ni ẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Mo wá irú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo rí "with respect", èyí tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn lọ́yà wa. Mo bá ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀wọ̀ bá dára, ọ̀wọ̀ ńlá dára jù ú lọ, èyí tó tóbi jù lọ kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Bí baba náà ṣe dárúkọ iye tí yóò san báyìí, mo ní, "With the greatest respect, sir, that price is not correct."

Etí baba pọ́n. Mo rí i kedere lójú kọ̀ǹpútà. Mo ronú ohun tó lè fà á, mo pinnu pé ọ̀wọ̀ náà ni kò tíì tó. Mo bá bù kún un: "With the very greatest respect, sir." Ó mu omi. "And with all due respect." Ọ̀gá mi ń fẹsẹ̀ gbún mi lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀ pé kí n má dúró, mò ń ṣe dáadáa. Ará Amẹ́ríkà pa kámẹ́rà rẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Àbúrò ìyá mi kan wà ní Peckham tó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn jókòó nípàdé ní ọ́fíìsì. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ròyìn bí mo ṣe hùwà ọmọlúàbí tó.

"Kí lo sọ fún un?"

Mo tún un sọ.

"O sọ greatest?"

"Mo sọ ọ́, mà. Mo tún sọ very greatest."

Ẹ̀rín pa á títí ó fi ń wúkọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! O bú oníbàárà yín, o sì bú u délé." Ó ní àwọn lọ́yà ibẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ní "with respect", ohun tí o sọ kò tọ̀nà. Bí ó bá di "with great respect", ìwọ gan-an lo ò gbọ́n. Bí ó bá wá di "with the greatest respect", kí ẹbí rẹ tètè wá mú ọ lọ sí Àrò. Àrò yẹn, òun ló fi tirẹ̀ kún un. Ó tún là mí lóye lórí "brave". Ó ní eré apanilẹ́rìn-ín kan wà tí BBC bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980, Yes Minister, tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan inú rẹ̀ á máa sọ fún mínísítà pé ìpinnu rẹ̀ "courageous". Bí mínísítà bá ti gbọ́ ọ báyìí, jìnnìjìnnì á mú un. Èmi gbọ́ tèmi, mo dúpẹ́.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ronú díẹ̀. "Gbé e tì," ó ní. "Gbé e tì ná."

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, mo panu mọ́, mo gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Owó ilé ìkẹ́rùsí ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà nílẹ̀: ta ni yóò san án? Ará Amẹ́ríkà ní "Let's table it." Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní "By all means, let's table it." Inú àwọn méjèèjì dùn. Kò pẹ́, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í to owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ará Amẹ́ríkà dá a dúró pé ṣebí a ti "table" rẹ̀. "Precisely," ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wí, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe àwọn ló bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Nílùú Ọba, ẹni tó bá "table" ọ̀rọ̀ gbé e síwájú ni, kí á sọ ọ́ nísinsìnyí. Ní Amẹ́ríkà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Winston Churchill kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Ogun Àgbáyé Kejì pé àwọn ọ̀gágun ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà jiyàn gidigidi lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà kó tó yé wọn pé ohun kan náà ni wọ́n jọ ń fẹ́. Ogun ń lọ lọ́wọ́ o! Ìwé òfin ìpàdé tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbójú lé, Henry Martyn Robert ló kọ ọ́, ẹnjiníà nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi í ṣe alága ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan lọ́dún 1863, ìpàdé náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú tì í, ó sì lọ ń kẹ́kọ̀ọ́ títí tó fi tẹ ìwé náà jáde lọ́dún 1876. Ẹni bí ọkàn mi ni.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, n kò mọ ìkankan nínú èyí. Ọ̀gá bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé kí ni wọ́n ń fi tábìlì ṣe. Mo dá a lóhùn láìmikàn, "Owó ni wọ́n ní kí á gbé sórí tábìlì, sà." Ọ̀gá mi, tí wọ́n ti fẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kàn rí lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, gbaná jẹ. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Gentlemen, this company does not put money on table! Not on table, not under table!"

Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì húkọ́ díẹ̀. "Perhaps," ó ní, "we should take this offline."

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

"Kí ló dé?" ọ̀gá bi mí.

"Wọ́n ní kí á kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sà."

"Ṣé ìpàdé ti parí nìyẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, sà."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀gá ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀wà àti dòdò wá. Ohun tí baba ń sọ kò ju pé kí òun àti ọ̀gá jọ yanjú ọ̀rọ̀ náà níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Èyí tí wọ́n rí ní tiwọn ni pé a dìde tìbínú-tìbínú, a ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ìbínú tí a kò bí yẹn ló ṣe wá lóore. Wọ́n kọ̀wé pé ó ti tó, àwọn ni yóò san owó ilé ìkẹ́rùsí. Mo tún àdéhùn kọ kíákíá, mo fi ránṣẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọ́fíìsì Èkó ń fi parí ímeèlì kádìí rẹ̀: "Kindly revert." Lọ́dọ̀ wa, ẹ fèsì ni. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni. Akọ̀wé wọn ka ìwé mi, ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Èsì dé: "As requested, we have reverted."

Mo sáré wọlé tọ ọ̀gá. "Sà, wọ́n ti revert!"

"Òyìnbó kì í jáfara," ni ọ̀gá wí. Ó fa bírò yọ, ó fọwọ́ sí i láìkà á. Èmi tí n bá kà á fún un, mo ń wá ibi tí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí.

Owó ilé ìkẹ́rùsí tọ̀ wá wá, ní pọ́n-ùn. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pè mí.

"Ọ̀wọ̀ tí mo ní kí o gbé tì ná yẹn."

"Èwo ni, sà? Èyí tó tóbi jù yẹn?"

"Òun gan-an. Mú ìwé. Fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, kí o sì fi parí rẹ̀."